Oríkì Owó Tí Kò Fẹ́ Kí A Dárúkọ Òun

Owó, ìwọ ni mo fẹ́ kì lónìí.
Má sá wọlé, má fi aṣọ bojú,
má rán lọ́yà sí mi pé kí n panu mọ́.
A kì í kì ẹni tí kò lórúkọ,
orúkọ gan-an ni ìwọ sì kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kí o tó jáde nílé.
Owó ìbò Amẹ́ríkà,
afọwọ́-ẹlòmíràn-fọwọ́-sí-ìwé,
asọ̀rọ̀-lórí-tẹlifíṣọ̀n-má-jẹ̀ẹ́-á-rójú,
ọmọ ẹgbẹ̀rún baba tí ìkankan wọn kò jẹ́wọ́ pé òun ló bí i,
yẹ̀yẹ́ rẹ rèé, dìde dúró kí o gbọ́ ọ.

Ẹ̀gàn ni mo bá wá, ẹ má ṣì mí gbọ́. Inú ń bí mi sí owó yìí, ohun tó sì ń bí mi nínú kò ju ẹyọ kan lọ. Òfin Amẹ́ríkà kò béèrè ohun ńlá lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fowó ran olùdíje lọ́wọ́ nínú ìbò ìjọba àpapọ̀. Bí ohun tó mú wá bá ti ju 200 dọ́là lọ, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ìwé náà yóò lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣọ́ owó ìbò, Federal Election Commission, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FEC, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, tó fi 250 dọ́là ran ẹni tó ń du ipò sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ á jáde níbẹ̀. Kódà bó bá jẹ́ green card nìkan ló ní, tí kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, òfin gbà kí ó dáwó, orúkọ tirẹ̀ náà á sì jáde. Nọ́ọ̀sì yìí ò sá. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ iléèwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ogún mílíọ̀nù dọ́là láti ná ló ń wá ihò tí yóò sá sí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ wa.

Aṣòfin tó gbé owó sùn lórí yìnyín,
William Jefferson, ọmọ Lake Providence ní Louisiana,
ọmọ tálákà tó kàwé dé Harvard,
aṣojú New Orleans,
èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tí Louisiana rán lọ sílé aṣòfin àpapọ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún,
àwọn tó bí ọ ń fi ọ́ yangàn,
kí lo lọ ń wá nínú fìríìsà?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, àwọn FBI wọ ilé Jefferson ní Washington. Wọ́n ṣí fìríìsà, wọ́n bá 90,000 dọ́là tí wọ́n fi fọ́ìlì wé, tí wọ́n kì bọ inú páálí oúnjẹ dídì. Obìnrin oníṣòwò kan tó ń bá FBI ṣiṣẹ́ ló gbé 100,000 dọ́là fún un ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, lára owó náà sì ni èyí tí wọ́n wá gbà padà. Ohun tí ìjọba sọ ni pé ọ̀nà Nàìjíríà ni owó náà fẹ́ gbà, pé Jefferson fẹ́ fi fún Atiku Abubakar, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, kí iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní iGate lè rí ẹsẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀. Atiku sẹ́, wọn kò sì fi ẹ̀sùn kankan kàn án ní Amẹ́ríkà. Owó náà kò kúrò ní Washington. Ní 2009, wọ́n dá Jefferson lẹ́bi ẹ̀sùn 11 nínú 16, adájọ́ sì ní kí ó lọ lo ọdún mẹ́tàlá lẹ́wọ̀n.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fìríìsà. Lóṣù kẹjọ náà gan-an, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìjì Katrina dé, omi ya wọ New Orleans. Àwọn tó dìbò fún Jefferson ń dúró lórí òrùlé, wọ́n ń fi aṣọ juwọ́ sí ọkọ̀ òfurufú. Irú àkókò yẹn ni ìlú nílò aṣojú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó lè gbá tábìlì ní Washington kí wọ́n dá a lóhùn. Èyí tí wọ́n ní, ọ̀dọ̀ lọ́yà ló ń lọ tó ń bọ̀. Síbẹ̀ wọ́n tún dìbò fún un ní 2006. Ó di ìparí 2008 kí wọ́n tó yọ ọ́.

Jefferson ní baba nídìí iṣẹ́ náà.

Albert Fall, mínísítà ààrẹ Harding,
a-fi-epo-ìlú-ta-ọ̀rẹ́,
ẹni tí àpò dúdú kékeré wá bá nílé,
tó ní wọ́n yá òun lówó ni!

Láti ọdún 1921 wọ 1922 lèyí. Epo tí ìjọba fi pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Teapot Dome ní Wyoming àti Elk Hills ní California. Fall gbé e fún àwọn olówó epo méjì láìjẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn du ú. Edward Doheny, ọ̀kan nínú wọn, rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kí ó gbé 100,000 dọ́là owó tútù lọ fún Fall nínú àpò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n dá Fall lẹ́bi ní 1929 pé ó gba rìbá lọ́wọ́ Doheny. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kóòtù dá Doheny sílẹ̀ pé kò fún Fall ní rìbá. Owó kan náà, àpò kan náà! Ẹni tó gbà á ṣẹ̀wọ̀n, ẹni tó fún un lọ sílé lọ jẹun. Láti ìgbà yẹn ni aráyé ti ń rí i pé ojú ẹni tó ń gbà nìkan ni òfin Amẹ́ríkà ń tẹjú mọ́, ẹni tó ń fúnni kì í sábà jìyà. Wọ́n ṣe òfin kan ní 1925 lẹ́yìn ìtìjú yìí, pé kí àwọn olùdíje máa kọ owó tó wọlé fún wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yan ẹnikẹ́ni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ń wọlé, eruku ń bò ó.

Ó di 1972 kí ilé tó gbóná. Nígbà tí wọ́n mú àwọn olè tó fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Democrat ní Watergate, ṣẹ́ẹ̀kì 25,000 dọ́là owó ìpolongo ìbò Ààrẹ Nixon wà nínú àkáǹtì ọ̀kan nínú wọn ní báńkì kan ní Miami. Àwọn oníròyìn tọ ipasẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì náà dé ibi tó ti wá. Ẹ wo ohun tí orúkọ lórí ìwé lè ṣe. Ìyẹn ló bí òfin 1974, òfin náà ló sì bí FEC.

FEC, ẹlẹ́ni mẹ́fà,
mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì,
ajókòó-má-pinnu,
agbófinró tí òfin fúnra rẹ̀ so lẹ́sẹ̀,
ẹ kú ìjókòó o.

Òfin ní kí kọmíṣọ́nnà jẹ́ mẹ́fà, kí mẹ́ta má ṣe jù láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan, kí mẹ́rin sì fẹnu kò kí wọ́n tó lè ṣèwádìí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan má lè fi àjọ náà jẹ ẹgbẹ́ kejì níyà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mẹ́ta ní ká tú u wò, mẹ́ta ní ká fi sílẹ̀, fáìlì á padà sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà mìíràn, iye èèyàn tó ṣẹ́ kù kì í tó mẹ́rin rárá. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2008, ó ṣẹlẹ̀ ní 2019 wọ inú 2020 tí wọ́n ń dìbò ààrẹ, ó sì tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí oṣù kẹrin 2025 parí, tó ku kọmíṣọ́nnà mẹ́ta péré. Ààrẹ ló ń yan kọmíṣọ́nnà, àwọn sẹ́nétọ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ló ń gba owó ìbò. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣọ́ ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ṣọ́.

Mi ò ní fo ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá.

Ẹ̀yin adájọ́ mẹ́sàn-án aláṣọ dúdú,
ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ owó di ọ̀rọ̀ ẹnu,
tẹ́ ẹ fún kọ́mpáǹyì ní ahọ́n,
tẹ́ ẹ wá ní kí olówó má bẹ̀rù, kí ó ṣá ti sọ orúkọ rẹ̀,
ta ló sọ ọ́?

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Buckley, ilé ẹjọ́ náà ní òfin kò lè fi gbèdéke sí iye tí olùdíje lè ná, nítorí pé ìnáwó láti polongo jẹ́ ara ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní 2010, nínú ẹjọ́ Citizens United, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin: kọ́mpáǹyì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè ná iye tó bá wù wọ́n lórí ìbò, bí wọn kò bá ṣáà ti gbé e lé olùdíje lọ́wọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington gbé ìdájọ́ tó bí ohun tí wọ́n ń pè ní Super PAC, ẹgbẹ́ tó lè gba owó láìní òpin. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé nípa Citizens United ni pé mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án náà ló fọwọ́ sí i pé kí òfin ìdárúkọ dúró. Anthony Kennedy, tó kọ ìdájọ́ náà, ní íntánẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́ kí ará ìlú tètè mọ ẹni tó ń náwó, kí wọ́n lè bi olóṣèlú léèrè. Lórí ìlérí yẹn ni wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí, ìlérí ò wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ rèé. Òfin owó orí Amẹ́ríkà mọ irú ẹgbẹ́ kan tó wà fún ire àwùjọ, tí kì í san owó orí, tí kò sì pọn dandan kó dárúkọ àwọn tó ń fún un lówó fún aráyé. Kọ́mpáǹyì á gbé owó fún ẹgbẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ á gbé e fún Super PAC. Super PAC á lọ bá FEC, á fi òtítọ́ inú kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ ire àwùjọ báyìí ló fún òun lówó. Irọ́ ò sí nínú ìwé náà, òótọ́ ọ̀hún náà ò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló ń ṣe é. Future Forward, tó ná owó ńlá fún Biden àti Harris, ní apá kan tí kì í dárúkọ, apá yẹn sì ń gbé owó fún apá kejì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀gàn mi ṣe ìlù fún ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí owó aláìlórúkọ lè fi ìlú ṣe, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ohio.

Larry Householder, olórí ilé aṣòfin Ohio,
a-fi-iná-mànàmáná-lówó,
ọ̀gá Generation Now,
ẹni tó ra ilé aṣòfin kó tó jókòó sórí àga rẹ̀,
ẹni tó ní kí opó àti ọ̀dọ́langba máa sanwó fún ilé-iṣẹ́ olówó,
ogún ọdún ni wọ́n ní kí o fi sinmi.

Ilé-iṣẹ́ iná FirstEnergy ní Akron ní ẹ̀ka kan tó ní ibùdó iná átọ́míìkì méjì létí adágún Erie, Perry àti Davis-Besse, tí wọn kò mówó wọlé mọ́. Wọ́n nílò kí ìjọba gbà wọ́n. Householder nílò owó kí ó lè di olórí ilé aṣòfin. Ní 2017, àwọn èèyàn rẹ̀ dá Generation Now sílẹ̀, ẹgbẹ́ ire àwùjọ tí kì í dárúkọ, nǹkan bí 60 mílíọ̀nù dọ́là sì gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fi owó náà ti àwọn olùdíje tí yóò dìbò fún Householder lẹ́yìn ní 2018. Ní oṣù kìíní 2019 ó gun orí àga. Ní oṣù keje ọdún kan náà, òfin kan tí wọ́n ń pè ní House Bill 6 jáde: ibùdó méjèèjì yóò gba owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, gbogbo ẹni tó bá tan iná ní Ohio ni yóò sì máa san án lóṣooṣù nínú bílì rẹ̀.

Àwọn ará ìlú kan gbìyànjú láti gba ìbuwọ́lùwé kí wọ́n lè fi ìbò gbogbo ènìyàn fagi lé òfin náà. Owó kan náà dojú kọ wọ́n. Wọ́n fi gba àwọn tó ń kó ìbuwọ́lùwé jọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi ra ìpolówó tẹlifíṣọ̀n tó ń dẹ́rù ba èèyàn pé ìjọba China fẹ́ gba iná Ohio. Màmá àgbà tó jókòó sílé ní Cleveland rí ìpolówó yìí, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń fi bílì ránṣẹ́ sí òun ló ń sanwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí orúkọ FirstEnergy bá hàn lábẹ́ ìpolówó náà, bí gbogbo Ohio bá mọ̀ lọ́dún 2018 ẹni tó ń bọ́ Householder, ta ni yóò fọwọ́ sí òfin yẹn? Àṣírí ló jẹ́ kí ọjà náà tà.

FBI mú Householder ní oṣù keje 2020. FirstEnergy gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé òun ṣe é, ó san 230 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kẹta 2023 wọ́n dá Householder lẹ́bi. Wọ́n fi hàn ní kóòtù pé ó fi lára owó náà san gbèsè káàdì báńkì rẹ̀, ó sì fi tún ilé rẹ̀ ní Florida ṣe. Ogún ọdún ni adájọ́ fún un. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù la tó gbọ́ orúkọ, ìbò sì ti parí tipẹ́.

Àwọn tó kù, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa fi kì wọ́n. George Santos, aṣòfin New York, ọmọ 199 dọ́là àti ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ó dín ẹyọ kan: òfin ní kí olùdíje tọ́jú rìsíìtì ìnáwó tó bá ju 200 dọ́là lọ, léraléra ni ìwé tirẹ̀ sì ń sọ pé 199.99 ni òun ná. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lé e jáde ní oṣù kejìlá 2023 pẹ̀lú ìbò 311 sí 114, ó sì jẹ́bi lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kó lo ọdún méje àti oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n, kò pé ọdún kan tí Ààrẹ Trump fi ní kí ó máa lọ sílé. Bob Menendez, sẹ́nétọ̀ New Jersey tẹ́lẹ̀, oníwúrà nínú ilé, ẹni tí wọ́n bá owó nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọdún mọ́kànlá ni tirẹ̀.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì tún ń gé okùn náà kúrú sí i. Ní 2016, gbogbo àwọn adájọ́ rẹ̀ fagi lé ẹjọ́ Bob McDonnell, gómìnà Virginia tẹ́lẹ̀ tó gba ẹ̀bùn àti owó yíyá tó ju 175,000 dọ́là lọ, tó fi mọ́ aago Rolex, lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Wọ́n ní kí gómìnà ṣètò ìpàdé fún èèyàn, tàbí kí ó pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù nítorí rẹ̀, kò tíì di iṣẹ́ ìjọba tí a lè fi rìbá rà. Ẹ rántí Jefferson. Ìdájọ́ yìí ló di àtẹ̀gùn fún un. Ní 2017 adájọ́ fagi lé púpọ̀ nínú ẹ̀sùn rẹ̀, ó sì jáde lẹ́wọ̀n. Ní 2024 ni ti James Snyder, méyọ̀ ìlú Portage ní Indiana tẹ́lẹ̀. Ìlú náà ra ọkọ̀ akólẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́wọ́ àwọn kan, àwọn yẹn sì fún Snyder ní 13,000 dọ́là lẹ́yìn náà. Mẹ́fà nínú adájọ́ mẹ́sàn-án ní òfin tí wọ́n fi mú un kò kan owó tí wọ́n bá fi dúpẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Èmi ò mọ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé owó ọ̀la ni wọ́n máa ń fi ìdúpẹ́ àná san.

Bí ilé ẹjọ́ bá ti sọ pé rìbá ṣòro láti mú, orúkọ ló ṣẹ́ kù fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Ní oṣù kẹwàá 2024, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní RBG PAC bẹ̀rẹ̀ sí í náwó láti fi ọkàn àwọn obìnrin balẹ̀ nípa ohun tí Trump máa ṣe sí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́. Orúkọ Ruth Bader Ginsburg, adájọ́ obìnrin tó ti dolóògbé, ni wọ́n fi pe ara wọn. Wọ́n dá a sílẹ̀ lásìkò tí ọjọ́ ìjábọ̀ wọn àkọ́kọ́ yóò bọ́ sẹ́yìn ìbò. Ìbò parí, oṣù kejìlá dé, ìwé jáde: 20.5 mílíọ̀nù dọ́là, Elon Musk nìkan ló fún wọn. Òfin kò ní kí ó máà fún wọn. Àwọn obìnrin tó rí ìpolówó yẹn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ dìbò.

Àbá òfin tí wọ́n ń pè ní DISCLOSE Act ti wà nílẹ̀ láti 2010. Ó fẹ́ kí irú ẹgbẹ́ báyìí dárúkọ ẹni tó bá fún un ní owó ńlá. Ní ọdún tí wọ́n gbé e dé, 59 sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i, 60 ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè jíròrò rẹ̀. Ní 2022 wọ́n tún gbé e wá, 49 sí 49 ló já sí.

Ní ọdún 2022 yẹn, àwọn ará Arizona kò dúró de àwọn sẹ́nétọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ara wọn nínú ìbò, wọ́n pè é ní Proposition 211, ó sì ju méje nínú mẹ́wàá àwọn tó dìbò lọ tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Òfin náà ń béèrè orúkọ ẹni tí owó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e kọjá ẹgbẹ́ kìíní àti ẹgbẹ́ kejì títí yóò fi bá a. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican dìbò fún un, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat dìbò fún un. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ dárúkọ ti gbé òfin náà lọ sí kóòtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.